Àjà ilé sán: ṣé ká fọwọ́ ara wa dí i ni, àbí ká pe oníPOP?

Tẹ́ ẹ bá dùbúlẹ̀ lálẹ́, tí NEPA ti mú iná lọ, tẹ́ ẹ wá tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sókè, tẹ́ ẹ rí ìlà kan tó bẹ̀rẹ̀ láti ìdí gílóòbù tó ń lọ sápá wíńdò, mo mọ ohun tó máa kọ́kọ́ sọ sí yín lọ́kàn: èló ni wọ́n máa gbà lọ́wọ́ mi báyìí? Èmi náà ti wà níbẹ̀ rí. Ilé tá à ń gbé ní Ìkòròdú níbí, apá Ìtamága, díẹ̀díẹ̀ la kọ́ ọ bí owó ṣe ń wọlé, torí náà àjà rẹ̀ ò bára mu rárá. POP, ìyẹn plaster of Paris, ni ti pálọ̀, yàrá méjì jẹ́ bọ́ọ̀dù jípúsọ̀mù, èyí táwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní drywall, yàrá ẹ̀yìn sì jẹ́ páálí líle àtijọ́ yẹn tí gbogbo wa ń pè ní asíbẹ́sítọ́ọ̀sì. Kò sí èyí tí ò tíì sán nínú wọn. Mo ti fọwọ́ ara mi tún un ṣe, mo ti pe oníṣẹ́, mo sì ti kábàámọ̀ lápá méjèèjì, ẹ jẹ́ n tò ó fún yín bó ṣe rí.

Kẹ́ ẹ tó ronú owó rárá

Ìbéèrè àkọ́kọ́ kì í ṣe èló. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé, ṣé ó ń rìn? Ibi tó sán tí ò rìn mọ́, àpá lásán ni, ẹni tó bá ti lè di síkírápà mú lè dí i. Èyí tó ń rìn ńkọ́, ẹ lè pe oníPOP tó gbówó lórí jù ní gbogbo Èkó, á tún là níwájú yín ni, torí ohun tó ń fà á ṣì wà lókè tó ń fà á. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ ò le. Ẹ mú pẹ́ńsù, ẹ sàmì kékeré síbi tí ìlà náà parí sí lórí méjèèjì, ẹ kọ déètì sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, kí òjò ńlá bíi mélòó kan sì ti rọ̀ láàárín ẹ̀. Tó bá ti kọjá àmì, ó ń rìn nìyẹn. Èmi kọ́kọ́ rò pé iṣẹ́ ẹni tí ò níṣẹ́ ni, àfìgbà tí ìlà pálọ̀ wa fi bí ìka kan kọjá déètì tí mo kọ, láti oṣù kẹfà sí oṣù keje péré.

Lẹ́yìn ìyẹn, bó ṣe fẹ̀ tó. Ẹ ò nílò rúlà, káàdì ATM yín ti tó. Káàdì ATM kan nípọn tó 0.76mm, kò sí bánkì tó yàtọ̀. Tí ẹyọ kan ò bá lè wọnú ìlà náà, irun lásán ni, ẹ fọkàn balẹ̀. Tí mẹ́rin tẹ́ ẹ kì pọ̀ bá wọ̀ ọ́, ó ti lé ní 3mm nìyẹn, ẹ má dá a dáwọ́ lé. Èyí tó bá wà láàárín, ẹ gun nǹkan, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ra á kọjá, tí ẹ̀gbẹ́ kan bá ti wálẹ̀ ju èkejì lọ tó ń kọ́ yín lọ́wọ́, ẹ kà á mọ́ èyí tó le.

Omi wá ńkọ́? Tẹ́ ẹ bá rí àbààwọ́n tó pọ́n bí omi tíì yí ibẹ̀ ká, ẹ gbàgbé àjà ná, òkè páànù lọ̀rọ̀ wà. Ìṣó páànù tí rọ́bà rẹ̀ ti gbó, ibi táwọn tó wá de sólà tàbí díṣì ti fẹsẹ̀ tẹ páànù tó fi tẹ̀, ibẹ̀ lomi ń gbà wọlé. Jípúsọ̀mù kì í bá omi ṣọ̀rẹ́ rárá, tó bá ti rin, á rọ̀, á wúwo, bẹ́ẹ̀ odindi bọ́ọ̀dù kan tó jẹ́ 1.2m sí 2.4m lè wọ̀n ju 20kg lọ nígbà tó gbẹ. Àjà tó ti rọ̀ wálẹ̀ bí ikùn, a kì í dí i, ńṣe la máa ń yọ ọ́.

Èyí tí mi ò ní fi ṣeré ni páálí àtijọ́ yẹn. WHO ti sọ ọ́ gbangba pé kò sí irú asíbẹ́sítọ́ọ̀sì kankan tí kì í fa jẹjẹrẹ, eruku rẹ̀ téèyàn bá fà símú ló sì léwu jù. Lóòótọ́ kì í ṣe gbogbo páálí tá à ń pè bẹ́ẹ̀ ló ní in nínú, àmọ́ ojú lásán ò lè dá a mọ̀, torí náà èyí tó bá ti pẹ́ lókè, ẹ má fi sáńpépà kàn án, ẹ má fá a, ẹ má lu ú. Ti yàrá ẹ̀yìn wa, mo ní kí wọ́n rọra kùn ún lọ́dà mọ́lẹ̀ láìhá a, títí a ó fi rówó yọ ọ́ bó ṣe yẹ.

Kí n tó gbàgbé, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lápá Ẹ̀bútẹ́, Báyékù àti Ìjẹ̀dẹ́, tí ilẹ̀ yín sún mọ́ ọ̀sà, tí ìlà náà bá ti àjà sọ̀kalẹ̀ wá sára ògiri, tí ilẹ̀kùn tó máa ń tì tẹ́lẹ̀ ò wá tì mọ́, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ oníPOP mọ́. Ìpìlẹ̀ ilé ló ń sọ̀rọ̀. Ẹ wá ẹnjiníà, kẹ́ ẹ sì mọ̀ pé LASBCA, àjọ tó ń mójú tó ilé kíkọ́, ni ìjọba Èkó gbé kalẹ̀ fún irú ilé bẹ́ẹ̀.

Kẹ́ ẹ ṣe é fúnra yín

Ìlà tó gún gbọọrọ bíi pé rúlà ni wọ́n fi fà á ló dáa jù fún ẹni tó fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Ojú ibi tí bọ́ọ̀dù méjì ti pàdé ni, ó jẹ́ pé wọn ò fi téèpù sí i tàbí téèpù ti bó. Igi nọ́gìn, èyí tí wọ́n kan bọ́ọ̀dù mọ́ lókè, máa ń mumi sára lásìkò òjò, á wá gbẹ á sún kì nígbà ọyẹ́, àti jẹ́nẹ́rétọ̀ tẹ́ ẹ gbé sẹ́yìn wíńdò tó ń gbo ilé, àti tírélà tó ń lọ sí Odógunyàn láàárọ̀ láàárọ̀ fún ẹni tílé rẹ̀ wà létí títì, gbogbo ẹ̀ ló ń fa ojú ìpàdé yẹn. Èyí tó bá ń wọ́ kọ́lọkọ̀lọ bí ipa ejò ní tiẹ̀, ẹ lo àmì pẹ́ńsù yẹn dáadáa kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Owó ẹ̀ kéré, àmọ́ kò kéré tó bẹ́ ẹ ṣe rò. Mi ò ní kọ iye síbí o, torí iye tí wọ́n tà á fún mi lè ti yí padà kẹ́ ẹ tó dé Sábó. Ẹ máa ra síkírápà méjì, èyí tó fẹ̀ àtèyí tó kéré, téèpù oníhò bí àwọ̀n, ohun tí wọ́n fi ń dí i (àtíkè POP tàbí èyí tí wọ́n ti pò sínú ike), sáńpépà nọ́ńbà 120 àti 150, ìbòmú, gílàásì ojú, síkúrúù díẹ̀, púráímà àti ọ̀dà. Irinṣẹ́ ló ń kó owó, àmọ́ tiyín ló dà lẹ́yìn náà. Ohun táwọn èèyàn máa ń gbàgbé ni ọ̀dà: àjà tó ti lo ọdún mẹ́ta lókè kì í funfun bíi ti tuntun mọ́, tẹ́ ẹ bá kun ibi tẹ́ ẹ dí nìkan, á dà bí ẹni lẹ báńdéèjì mórí, torí náà ẹ ṣírò ọ̀dà gbogbo àjà yàrá náà mọ́ ọn.

Iṣẹ́ gan-an wá rèé. Ẹ pa iná yàrá náà láti ojú mítà, ẹ sì pa ínfátà náà o, torí NEPA lè máà sí kí iná ínfátà ṣì wà nínú wáyà. Ẹ fi nọ́láọ̀nù bo gbogbo ẹrù. Ẹ fá gbogbo ohun tó ti bó kúrò, ẹ má ṣàánú ẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi etí síkírápà la ojú ìlà náà díẹ̀ kó lè gba nǹkan sára, torí ìlà tín-ín-rín tẹ́ ẹ bá kàn fi nǹkan pa lójú, á bó ni. Ẹ ti bọ́ọ̀dù sókè wò, tó bá ń mì, ẹ wá ibi tí igi wà kẹ́ ẹ de síkúrúù sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, kí orí síkúrúù wọlé díẹ̀ láìya bébà tó wà lójú bọ́ọ̀dù. Lẹ́yìn náà lẹ máa lẹ téèpù, ẹ máa fi ohun tẹ́ ẹ pò bò ó, ó di ọjọ́ kejì. Ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ máa fi bò ó, kí ìkejì fẹ̀ ju àkọ́kọ́ lọ, kí ìkẹta tún fẹ̀ ju ìkejì lọ, kó lè fẹ́lẹ́ létí débi tójú ò ní rí i. Láàárín ọ̀kan sí èkejì, wákàtí 24, tó bá sì jẹ́ oṣù kẹfà tí gbogbo nǹkan ń rin yìí ni, ẹ fún un jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni sáńpépà, púráímà, ọ̀dà.

Tẹ́ ẹ bá ṣírò ẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ lè máà ju wákàtí mẹ́rin lọ, ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́rin ló máa gbà. Ibi táwọn èèyàn ti ń bà á jẹ́ nìyẹn, wọ́n fẹ́ parí ẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé kan.

Èmi, ohun tó bà á jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ ni POP. Mo po ìdajì bọ́kẹ́ẹ̀tì, mo gun àkàbà, fóònù dún, mo sọ̀kalẹ̀ gbé e, kí n tó bá ọmọ ìyá mi sọ̀rọ̀ tán, òkúta ló wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Mo bu omi sí i kó lè rọ̀, irọ́ ni. Ìgbà tó yá ni mo lóye ìdí ẹ̀: jípúsọ̀mù tí wọ́n wa nílẹ̀ ni wọ́n ń yan lórí iná títí omi tó wà lára rẹ̀ fi jáde tó fi di àtíkè, omi tẹ́ ẹ wá bù sí i ló ń sọ ọ́ padà di òkúta tó jẹ́ tẹ́lẹ̀, tó bá sì ti padà, ó ti padà nìyẹn. Paris tó wà nínú orúkọ ẹ̀ náà, torí jípúsọ̀mù tí wọ́n ń wà lórí òkè Montmartre nílùú Paris ni. Torí náà, ìwọ̀n àwo ìjẹun kan ni kẹ́ ẹ máa pò lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ sì pa fóònù. Tẹ́ ẹ bá lè rí èyí tí wọ́n ti pò sínú ike fún bọ́ọ̀dù, òun ló dáa fún ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ ò yá.

Ṣé ó máa pẹ́? Ìlà tí ò rìn, tẹ́ ẹ lo téèpù, bẹ́ẹ̀ ni. Ti yàrá àwọn ọmọ tí mo ṣe ti lo ọdún méjì, kò tíì là. Ojú ẹ̀ ò dán tó ti oníṣẹ́ ṣá, tí oòrùn àárọ̀ bá ta sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ máa rí òkè ńlá òkè kékeré. Ọkọ mi ní òun ò rí nǹkan kan. Mo mọ̀ pé ó ń parọ́.

Ewu tó wà ńbẹ̀ ni àkàbà. Ẹni tí òyì máa ń kọ́, ẹni tó ti lé lọ́gọ́ta, ẹni tó dá nìkan wà nílé, ẹ má gùn ún. Kí ẹnì kan di ìdí ẹ̀ mú. Àga tẹ́ ẹ gbé lé orí tábìlì kì í ṣe àkàbà.

Pẹ́ńtà àdúgbò

Ẹni àárín nìyí, òun la sì máa ń kọ́kọ́ pè torí a ti mọ̀ ọ́n. Owó rẹ̀ kéré sí ti oníPOP, ó máa ń tètè dé, ọwọ́ rẹ̀ sì máa ń dán. Àmọ́ síkíríìdì ni iṣẹ́ ẹ̀, ìyẹn ló mọ̀: á po ṣọ́ọ̀kì mọ́ ọ̀dà, á fi í pa ojú ìlà náà, á kùn ún, ẹ̀yin náà á ní ó ti parí. Ẹni tó bá mi ṣe ti yàrá wa gba owó lọ́jọ́ Jímọ̀, ó rẹwà gan-an, mo tiẹ̀ yà á ní fọ́tò fi ránṣẹ́. Òjò kejì tó rọ̀, ìlà náà padà sípò rẹ̀ bí onílé tó lọ kí ará oko. Kò fi téèpù sí i. Nígbà tí mo pè é, ó ní ilé ló ń mì. Ó lè jẹ́ òótọ́ o, ṣùgbọ́n ìgbà tó ń gbowó kò sọ pé ilé ń mì.

Ẹ lè lò ó fún ọ̀dà ìkẹyìn, lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti fọwọ́ ara yín lẹ téèpù, tẹ́ ẹ sì ti dí i. Àpapọ̀ yẹn dáa ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ, òun gan-an ni màá bá ọ̀pọ̀ èèyàn mú.

OníPOP gidi

Owó rẹ̀ ló ga jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kì í sì í ṣe torí ohun èlò, iṣẹ́ ọwọ́ lẹ ń san. Ibi tó sán kékeré kan ò tiẹ̀ wù wọ́n, ọ̀pọ̀ nínú wọn á dárúkọ iye tó máa lé yín lọ, tàbí kó sọ fún yín pé ẹ jẹ́ kí òun tú gbogbo ẹ̀ kí òun ṣe tuntun. Tí yàrá bíi mélòó kan bá ní nǹkan tí wọ́n fẹ́ ṣe, ẹ kó o pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìgbà yẹn lowó ẹ̀ máa mọ́gbọ́n dání.

Báwo lẹ ṣe máa mọ ẹni tó mọ̀ ọ́n? Mo ní ìbéèrè kan péré. Ẹni àkọ́kọ́ tó wá wo pálọ̀ wa, ọ̀dọ́kùnrin ni, ó gbójú sókè, ó ní, “Mọ́mì, kò le rárá, tó bá di ọ̀la a ti parí ẹ̀.”

Mo ní, “Ẹ ṣé, kí ló fà á?”

Ó ní, “Ṣé ẹ rí i, POP máa ń sán bẹ́ẹ̀ náà ni.”

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, mo fún un lówó mọ́tò. Ẹnì kejì, bàbá kan ni, wọn ò tiẹ̀ wo ìlà náà pẹ́. Wọ́n ní, “Ìyá wa, ibo lẹ ń gbà dé inú àjà?” Wọ́n gba tọ́ọ̀ṣì, wọ́n gorí igi lọ, wọ́n lò tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lókè, wọ́n sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú jàǹkáríwọ̀ lórí fìlà. Wọ́n ní páànù ń jò síbì kan ṣoṣo, omi yẹn ló ti jẹ́ kí wáyà tí wọ́n fi so POP rọ̀ sára igi dípẹtà, méjì ti já, àwọn tó kù ló ń gbé ẹrù tiwọn. Òun ni ìlà mi ṣe ń kọjá déètì pẹ́ńsù! Ká ní mo ti dí i nísàlẹ̀, màá máa kùn ún lọ́dà títí á fi já lé wa lórí.

Ẹni tí ò bá béèrè bí òun á ṣe dókè, ẹ má gbé iṣẹ́ àjà tó ń rìn fún un. Kó mú yín lọ wo ibì kan tó ti ṣe, tó ti rí ó kéré tán àsìkò òjò kan, iṣẹ́ oṣù tó kọjá ò lè sọ nǹkan kan fún yín. Tẹ́ ẹ bá láyè, ẹ bá a lọ ra ohun èlò. Kí àdífáàǹsì má ju ìdajì owó iṣẹ́ lọ, kẹ́ ẹ sì di díẹ̀ mú nínú owó ìkẹyìn títí òjò ńlá kan á fi rọ̀ sí i, oníṣẹ́ tó dá ara rẹ̀ lójú á gbà. Ẹ kọ gbogbo àdéhùn sórí WhatsApp, títí kan ẹni tó máa kó pàǹtírí, torí èyí ló máa ń dìjà. Tó bá ní òun máa dí i, òun máa kùn ún, òun máa lọ lọ́jọ́ kan náà, ẹ rántí wákàtí 24 yẹn.

Àárẹ̀ tiẹ̀ náà wà. Eruku á wọ ìkòkò ọbẹ̀ yín. Á ní òun ti ń bọ̀, òun ti wà ní Ogolonto, á sì wà ní Ogolonto fún wákàtí mẹ́rin.

Ká tú u kúrò, ká fi PVC ńkọ́

Mi ò ní pẹ́ lórí èyí. PVC kì í sán bíi POP, omi ò sì ń ṣe é ní nǹkan kan. Àmọ́ owó yàrá odindi ni, kò fẹ́ràn iná, àti pé tí páànù bá ń jò, á fi pa mọ́ fún yín títí omi fi máa wá ọ̀nà ara ògiri. Tí àjà yín bá ti sán níbi mẹ́rin márùn-ún, ẹ gbèrò ẹ̀. Tó bá jẹ́ ìlà kan, ẹ fi sílẹ̀.

Ta ló yẹ kó mú èwo

Ẹni tí ìlà tiẹ̀ gún gbọọrọ, tí káàdì ATM kan ò wọ̀ ọ́, tí ò sí àmì omi, tí pẹ́ńsù sọ pé kò rìn, tẹ́nì kan sì wà tó máa di àkàbà mú, kó fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe é. Kó dúró dìgbà ọyẹ́ tó bá lè ní sùúrù, nǹkan tètè ń gbẹ nígbà yẹn, igi náà sì ti sún kì dé ibi tó máa sún kì dé. Ẹni tí àlejò rẹ̀ pọ̀, tó jẹ́ pé pálọ̀ ni, tí iná LED wà létí àjà tó máa tú gbogbo àṣírí ọwọ́ tí ò dán, kó san owó oníṣẹ́.

Ẹni tí ilé ò jẹ́ tiẹ̀, ẹ má tíì ra síkírápà. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí déètì wà lára ẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí lándílọ́ọ̀dù lórí WhatsApp kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, torí tẹ́ ẹ bá dí i tó tún là, ẹ̀yin ni wọ́n máa ní ẹ ba àjà jẹ́. Tó bá ní kẹ́ ẹ ṣe é kẹ́ ẹ yọ ọ́ nínú owó ilé, kó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹni tí ìlà tiẹ̀ ń rìn, tàbí tí káàdì ATM mẹ́rin wọ̀ ọ́, tàbí tí omi wà níbẹ̀, oníṣẹ́ tó ń gun òkè ni, kò sí àríyànjiyàn ńbẹ̀, kó sì tún páànù ṣe kó tó fọwọ́ kan àjà. Tí apá tó rọ̀ wálẹ̀ bí ikùn yẹn bá wá jẹ́ òkè ibi táwọn ọmọ ń sùn, kí oníṣẹ́ tó dé, kẹ́ ẹ tó mọ iye tó máa gbà, ẹ gbé bẹ́ẹ̀dì náà kúrò níbẹ̀ lálẹ́ òní.